Wẹ́jì Méjì Inú Koríko

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ìwọ̀nba èémí tó kù fún mi tó tán: èmi ni mo pa Balẹ̀-Jẹ́jẹ́. Kì í ṣe táyà, kì í ṣe ìgbàgbé tí wọ́n kọ sínú ìwé ìwádìí. Èmi ni. Ọdún mọ́kànlá rèé tí ọ̀rọ̀ náà ti há sí mi lọ́fun bí eegun ẹja, tí mo sì ń fi oúnjẹ tì í, tí mo ń fi ẹ̀rín tì í, tí kò lọ. Dókítà tó ń tọ́jú mi kò fọ̀rọ̀ bò mí mọ́. Ó ní kíndìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́, pé bí mo bá ní ẹni tí mo fẹ́ rí, kí n ránṣẹ́ pè é. Mo ní kí nọ́ọ̀sì bá mi wá ìwé àti pẹ́ńsù. Ó béèrè bóyá ìwé ogún ni mo fẹ́ kọ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò kúkú jẹ́ irọ́ tán, nítorí ohun tó wà nínú ìwé yìí, ẹnì kan ló ni ín, àbúrò mi sì ni. Ó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ̀ mí, Bàbá Sípánà lẹ mọ̀ mí sí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi tún bàálù kéékèèké ṣe, irú èyí tó ń gbé èèyàn méjì tàbí mẹ́rin, ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní bàálù wíwà. Mo mọ iṣẹ́ mi. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, pátákó ńlá kan wà lára ògiri tí mo ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí. Bí ọwọ́ aago bá lu márùn-ún tí sípánà kan kò bá sí lójú àwòrán rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ sílé títí a ó fi rí i. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń kùn pé sípánà ṣe pàtàkì lójú mi ju ìyàwó tó ń retí àwọn nílé lọ. Ẹni tó le tó báyẹn sí irinṣẹ́ ló wá fi irinṣẹ́ ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bíréèkì fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, torí bí kò bá yé yín, ìkà mi kò ní yé yín. Bíréèkì bàálù kékeré, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ọ́yìlì á sáré lọ sí ìdí táyà, á fún un mọ́lẹ̀. Bí o bá gbẹ́sẹ̀, ọ́yìlì á padà, táyà á sì máa yí. Bíréèkì ọwọ́ wá jẹ́ kókó kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, láàárín ìjókòó méjèèjì. Bí o bá fà á, kò mú táyà dúró. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ́yìlì: èyí tó bá ti lọ sí ìdí táyà kò ní lè padà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí bàálù rẹ̀ dúró á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, kó tó fi ọwọ́ fa kókó. Ẹni tó bá fa kókó láìfi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan, ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ ló tì. Kódà bí o bá ṣe é bó ṣe yẹ, bí oòrùn bá yí padà, bí rọ́bà inú rẹ̀ bá gbó díẹ̀, ọ́yìlì á yọ́ sá lọ. Ìdí nìyẹn tí àwa mẹkáníìkì kì í fi bíréèkì ọwọ́ ṣe ohunkóhun. Wẹ́jì la gbẹ́kẹ̀ lé, igi méjì tí a gé ní onígun mẹ́ta, tí a ń ki bọ iwájú táyà àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, olúkúlùkù ló ń gbẹ́ wẹ́jì tirẹ̀, a sì máa ń fi àmì sí i. Ti àbúrò mi, ọ̀dà pupa ló kùn ún, ó sì fi ọ̀bẹ gé ojú mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ìyá mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá wa fi í lé mi lọ́wọ́ tó sì lọ, èmi ni mo tọ́ ọ, èmi ni mo sì fà á wọ iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù kí nǹkan má yí lọ bíi tirẹ̀. Bó bá fẹ́ fọ ọmọlanke tí a fi ń kó irin, á kọ́kọ́ ki wẹ́jì sí i. Nígbà tó fẹ́ gbéyàwó, gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó má gbàgbé láti ki wẹ́jì bọ abẹ́ ibùsùn. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Balẹ̀-Jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Orúkọ yẹn kì í ṣe àwàdà o. Bó bá gbé bàálù balẹ̀, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní mọ̀ pé òun ti dé ilé. Ọkùnrin gíga, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí a lọ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ kì í wo mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó yẹ kó yẹ̀ wò kó tó balẹ̀, ẹnu ló fi ń kà á bí ọmọ iléèwé tó ti há a sórí. Kì í fi ọwọ́ kan nǹkan tí ẹnu rẹ̀ ń pè. Kì í de bẹ́líìtì èjìká, torí pé ó ń rún ṣẹ́ẹ̀tì. Bó bá sì kù díẹ̀ kó balẹ̀, á fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì, á ní òun ń kí wọn kú ilé. Mo mọ gbogbo ìwà rẹ̀ wọ̀nyí bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹni tí èèyàn bá kórìíra ni èèyàn ń wò dáadáa.

Ohun tó ṣe fún wa rèé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí n kò sí níbi iṣẹ́, bátìrì bàálù rẹ̀ kú. Bí bátìrì bá kú, èèyàn lè dúró níwájú bàálù kó fi ọwọ́ yí fáànù ńlá iwájú rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbà. Iṣẹ́ eléwu ni. Àbúrò mi ki wẹ́jì rẹ̀ méjèèjì sí i kó tó dé iwájú. Balẹ̀-Jẹ́jẹ́ ń kánjú. Ó ní kó yọ igi yẹn kúrò, pé òun kò ní jókòó máa retí ẹni tó ń rákò lábẹ́ bàálù lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbà, pé òun ti fa bíréèkì ọwọ́. Àbúrò mi kọ̀. Ni ọ̀gá bá bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yọ wẹ́jì méjèèjì, ó jù wọ́n sínú koríko, ó sì padà gòkè. Àbúrò mi bi í bóyá bíréèkì di, ó ní ó di. Kò di. Ó fa kókó, kò fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbà, bàálù ṣí lọ síwájú. Àbúrò mi fò sí ẹ̀gbẹ́, ara rẹ̀ yọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò yọ. Òkè ìgúnpá ni wọ́n ti gé ìyókù.

Ẹ má rò pé ọwọ́ yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ pààyàn. Nǹkan ń ṣeni, mo mọ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ni. Nígbà tí àwọn olùwádìí dé láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, Balẹ̀-Jẹ́jẹ́ jókòó níwájú wọn, ó ká ẹsẹ̀ lórí ara wọn, ó ní: "Mo sọ fún un pé kó fi wẹ́jì sí i. Kò gbọ́." Wọ́n gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Wọ́n kọ ìlà kan sínú ìwé àbúrò mi, ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré: Kò fi wẹ́jì sí abẹ́ táyà. Ìlà yẹn ni wọ́n fi gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo pápá bàálù tó lọ lẹ́yìn náà, bóyá wọ́n lè fún un níṣẹ́ àkọsílẹ̀ tàbí ti ìtọ́jú irinṣẹ́, ìlà yẹn ló ń dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àbúrò mi tó ń ki wẹ́jì sí ọmọlanke! Ó di ẹni tó ń ṣí géètì fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Kò sunkún ọwọ́ rẹ̀ létí mi rí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun lè gbàgbé ọwọ́, pé ìlà yẹn ni òun kò lè gbàgbé.

Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ tú gbogbo koríko ibẹ̀. Mo rí wẹ́jì pupa méjì náà, ọ̀kan jìnnà sí èkejì ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ, bí ẹni binú jù wọ́n. Mo gbé wọn lọ bá àwọn olùwádìí. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ló lè ju igi sínú koríko, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni mí. Mo gbé wẹ́jì náà padà sílé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé n óò san án.

Ọdún méje ni mo fi dúró. Ẹni tó bá sọ pé ìbínú kì í ní sùúrù, kó wá wò mí. Mo ń kí ọkùnrin yẹn láràárọ̀. Mo ń tẹ̀ ba fún un, mo ń bi í léèrè ara ilé. Mo ń fi aṣọ nu dígí bàálù rẹ̀ títí ó fi ń dán, mo sì ń wò ó láti ẹ̀yìn dígí náà. N kò fẹ́ kó kú nígbà yẹn, tàbí kí n sọ pé bí mo ṣe ń sọ fún ara mi nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ ni kó balẹ̀ lọ́jọ́ kan lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kí táyà rẹ̀ méjèèjì bẹ́, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ náà, kí wọ́n kọ ìlà kan nípa rẹ̀ tí yóò máa dé gbogbo ibi ṣáájú rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri tirẹ̀ ti lanu tipẹ́: ó ń fi ẹnu ka bíréèkì ọwọ́, kì í fi ọwọ́ kàn án, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kí bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì kó tó balẹ̀. Bí ẹnì kan bá fa kókó yẹn lókè, nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá fi ẹsẹ̀ kí wọn báyìí, ọ́yìlì á lọ, ilẹ̀kùn á tì, táyà á dì pa kó tó fi ara kan ilẹ̀. Ọwọ́ mi kò sì ní hàn níbẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, òfin kan wà tí èmi gan-an ni mo fi lélẹ̀: mẹkáníìkì tó bá tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni yóò kọ́kọ́ bá a fò, kí ó lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Mo tún ẹ́ńjìnnì kan ṣe ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Balẹ̀-Jẹ́jẹ́ ní òun ni òun máa wà á. Ó yà mí lẹ́nu, torí àwọn olùkọ́ kéékèèké ló máa ń ṣe irú rẹ̀. N kò bi í nídìí. Mo ní ẹran ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbi ọ̀bẹ.

Ọ̀sán ni, ojú ọ̀run mọ́ kedere. A fò fún bí ogójì ìṣẹ́jú, mo ń kọ nọ́ńbà tí aago ẹ́ńjìnnì ń sọ sínú ìwé, ẹ́ńjìnnì ń dún bí mo ṣe fẹ́. Nígbà tí a yíjú padà sílé, mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí pẹ́ńsù mi bọ́ sílẹ̀. Mo tẹ̀ ba láti he é. Balẹ̀-Jẹ́jẹ́ ń wo ìta lójú fèrèsé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Mo he pẹ́ńsù, mo fa kókó, mo gbé orí sókè. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Mo fa bẹ́líìtì mi le, ti ìbàdí àti ti èjìká. Mo wo tirẹ̀. Ti èjìká ń fì lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ kò rún rárá. Mo padà sídìí nọ́ńbà tí mo ń kọ.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá Sípánà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ nílẹ̀, ìdí tí mo fi ní kí n bá yín fò lónìí nìyẹn." Mo ní kó máa sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ó ní: "Àbúrò yín fi wẹ́jì sí i. Èmi ni mo yọ ọ́. Mo purọ́ mọ́ ọn."

Mo ń wo iwájú. Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú gbohùngbohùn tó wà létí mi. Ó ní ọmọ òun obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ bàálù wíwà, pé ọmọ náà bi òun ní ìdí tí àwọn mẹkáníìkì kì í fi gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì ọwọ́, òun kò sì mọ bí òun ṣe máa wo ojú rẹ̀ dáhùn. Ó ní òun ti tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé, òun máa lọ fọwọ́ sí i níwájú àwọn ará ọ́fíìsì, kí wọ́n pa ìlà yẹn rẹ́ kúrò nínú ìwé àbúrò mi, bí wọ́n bá sì fẹ́ gba ìwé àṣẹ òun, kí wọ́n gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ fetí sílẹ̀, torí ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà gan-an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan bíréèkì. Ó ku ìyípo kan kí a tó kọjú sí ojú ọ̀nà tí a máa balẹ̀ sí. Ọwọ́ mi wà lórí orúnkún mi, kókó yẹn kò jìnnà sí i ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kí n kàn nà án. Kí n kàn sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ wo bíréèkì ọwọ́." Orí mi ní kí n tì í padà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ "ọjọ́ Ajé" yẹn, inú mi sì hó bí omi tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ọjọ́ Ajé! Ọjọ́ Ajé tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ti kọjá láti ìgbà tí àbúrò mi ti ń fi ọwọ́ òsì ṣí géètì. Níbo ni ẹnu rẹ̀ wà? Àfi ìgbà tí ọmọ tirẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ni ọmọ ìyá tèmi wá di èèyàn lójú rẹ̀? Mo sọ lọ́kàn mi pé irọ́ ló ń pa, pé ọjọ́ Ajé kò ní dé. Mo ní bó bá sì jẹ́ òótọ́, ó pẹ́ jù. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo fi ọwọ́ mi sílẹ̀ níbi tó wà.

Ó fi ẹnu ka gbogbo ohun tó yẹ ní kíkà. Ó dé orí bíréèkì ọwọ́, ó ní a kò fà á. Ó fi ẹsẹ̀ kí wọn, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo gbọ́ ọ. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé ẹ máa dárí jì mí?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká balẹ̀ ná." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo bá a sọ láyé rèé.

Ó gbé e balẹ̀ jẹ́jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Táyà dì. Ọ̀tún bẹ́, òsì bẹ́, irin bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀, bàálù fà sí ẹ̀gbẹ́, ó já sínú kòtò ojú omi, ó sì dojú dé. Ìgbà tí mo mọ nǹkan padà, mo ń rọ̀ ní orí kodò nínú bẹ́líìtì mi, egungun ìhà mi méjì ti kán. Ti ìbàdí nìkan ló di òun mú. Orí rẹ̀ wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà kì í ṣe funfun mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ilé ìwòsàn láìla ojú, ó sì kú.

Àwọn olùwádìí rí kókó tí a fà. Wọ́n bi mí léèrè níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Mo ti ní ìdáhùn mi fún ọdún méje. Mo ní: "Mo sọ fún un pé kó wo bíréèkì ọwọ́. Kò gbọ́." Ó dùn lẹ́nu mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó dùn, pé mo rọra sọ ọ́ kí n lè gbádùn rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá a jọ ń jiyàn, bóyá ọ̀rọ̀ kan gba ọkàn rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan la sọ. Mo fọwọ́ sí i. Ìyàwó rẹ̀ tiẹ̀ wá kí mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ọkọ òun kò dá nìkan wà. Mo ní kó má dúpẹ́ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, mo ń jókòó ní ìta iwájú ilé mi lọ́sàn-án, wọ́n fi báńdéèjì dì mí láyà. Àbúrò mi wá. Ó gbé omi fún mi, ó jókòó sórí àga kékeré, ó sì sọ ohun tí n kò mọ̀. Ó ní ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí bàálù já, Balẹ̀-Jẹ́jẹ́ wá sílé òun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú òun àti ìyàwó òun, ó fi ìwé tó tẹ̀ hàn wọ́n. Ó ní òun ti fẹ́ sáré wá sọ fún mi, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà bẹ òun pé kí òun jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n òun. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò mi, kò sí ìfọwọ́sí lábẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi ti gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ló lè tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọn kò sì lè gba ẹ̀rí òun tàbí ti ìyàwó òun lórí ọ̀ràn ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá wà tó gbọ́ ọ lẹ́nu olóògbé, tó sì bá ìwé náà mu, àwọn máa pa ìlà náà rẹ́. Mo ní èmi náà ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí. Ó ní òun ti bi wọ́n, wọ́n ní ti èmi yàtọ̀, torí èmi nìkan ló wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú bàálù.

Ó wò mí. Irun rẹ̀ ti ń funfun díẹ̀. Ojú tó fi wò mí ni ojú tó fi ń wò mí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó bá yín sọ nǹkan kan lókè?"

Mo ti fọwọ́ sí i fún àwọn olùwádìí pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan la sọ. Bí mo bá yí i padà, wọ́n á bi mí ní ìdí tí mo fi purọ́, wọ́n á bi mí ní ohun tí mo ní sí ọkùnrin náà nínú, wọ́n á sì wo ọwọ́ mi. Mo bẹ̀rù. Gbogbo ìbínú ọdún méje, tí mo sọ pé nítorí rẹ̀ ni, wo ohun tó kù nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó nílò mi: ẹ̀rù ara mi.

Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sinmi." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo gbé ìrọ̀rí mi, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un fi sí ẹ̀yìn mi kó má bàa ni ìhà mi lára. Ó sì padà lọ sí ìdí géètì.

Ẹ ò rí i pé Balẹ̀-Jẹ́jẹ́ purọ́ mọ́ àbúrò mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì fẹ́ tún un ṣe. Èmi purọ́ fún un lójúkojú, mo sì ń jẹun nílé rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Aṣeni ń ṣe ara rẹ̀, wọ́n máa ń sọ ọ́, mo sì máa ń rò pé ọ̀tá mi ni wọ́n ń bá wí. Ẹni àkọ́kọ́ tó lè fọ orúkọ àbúrò mi mọ́ láyé yìí ni mo dì sínú irin tí mo dojú rẹ̀ dé. Ẹnì kejì tó lè fọ̀ ọ́ ni èmi, mo sì dì í mọ́ ẹnu ara mi.

N kò ní ṣe bí ẹni mímọ́ lójú yín nítorí pé mo fẹ́ kú. Inú ṣì ń bí mi sí ọkùnrin yẹn. Bí a bá pàdé níbikíbi tí a ń lọ, n óò kọ́kọ́ bi í nípa ọdún méje náà kí n tó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n n óò kúnlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, bí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, kì í ṣe ìgbàgbé ló pa á. Ó tún fẹ́ ṣe òótọ́ kó tó kú. Ẹ lọ pa ìlà tiẹ̀ náà rẹ́, èyí tí wọ́n kọ pé ó gbàgbé bíréèkì ọwọ́.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa ki wẹ́jì yín. Ẹni tó bá sọ pé ọkàn òun ti di ìbínú òun mú, pé kò lè yí lọ, irú bíréèkì ọwọ́ yẹn ló fà.

Àbúrò mi, àpò kan wà lábẹ́ ibùsùn mi nílé. Wẹ́jì rẹ méjèèjì wà nínú rẹ̀, ọ̀dà pupa kò tíì ṣí tán. Mo ti fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan ìwé yìí, dókítà àti nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ sí i pé orí mi pé nígbà tí mo ń kọ ọ́. Gbé e pẹ̀lú ìwé tí Balẹ̀-Jẹ́jẹ́ tẹ̀, kí o sì lọ sí ọ́fíìsì lónìí. Má dúró de ọjọ́ Ajé. Má kọ́kọ́ yà wá sọ́dọ̀ mi, má sì wá dárí jì mí kí o tó lọ, torí mo mọ̀ ọ́. Bí o bá rí mi báyìí, àánú mi á ṣe ọ́, o sì lè ní kí ọ̀rọ̀ náà bá mi wọ ilẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n tètè wá bi mí níbí kí ẹnu mi tó kú. Mo ti sọ fún nọ́ọ̀sì kó má lé wọn. Bí wọ́n bá ti pa ìlà yẹn rẹ́, tí o dé tí mo ṣì ń mí, wá jókòó tì mí díẹ̀. Kò pọn dandan kí o sọ nǹkan kan.